Ta Ló Kọ́kọ́ Gbọ́ Pé Ọmọ Akọ̀wé Yọ Eyín?

Ẹ wọlé, ẹ wá ibi jókòó. Ẹ má jókòó sórí àpótí yẹn o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Bàbá Tísà ló fọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ sún mọ́ ògiri níbí. Kí n tó la ẹnu, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú agboolé yìí, àwọn kan náà ló máa ń wá kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ pé, "Ìyàwó, kí ló tún ṣẹlẹ̀?" Olófòófó ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán an. Èmi, wọ́n máa ń rán mi. Bí wọn ò bá sì rán mi, á jẹ́ pé wọ́n gbàgbé ni.

Ẹ wò ó, nílé wa níbí, ní Ìbàdàn, ìròyìn ọmọ ní ọ̀nà tó ń gbà. Bí ìyàwó bá sọ̀ láyọ̀ lóru, ẹnì kan ni wọ́n máa rán sí ẹbí ọkọ, wọ́n á rán ẹlòmíràn sí ẹbí ìyàwó, ẹni tí wọ́n bá sì rán gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ ò kàn ní ya wọlé kí ẹ ní, "Ó ti bímọ o." Rárá. Ẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa kí wọn kú àárọ̀, ẹ máa béèrè bí ara ṣe le. Àyà wọn á ti máa já nígbà yẹn, torí aago márùn-ún ìdájí kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń kí èèyàn lásán. Ìgbà náà lẹ máa wá ní, "Ẹ kú ewu o. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ." Ariwo ayọ̀ á sọ. Wọ́n á ní, "Akọ ni àbí abo?" Ẹ ò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa ní ọ̀nà ọ̀fun ti gbẹ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí mo ti jẹ lórí ọ̀rọ̀ akọ-tàbí-abo ju èyí tí mo fi owó ara mi rà lọ.

Lẹ́yìn tí àgbà ilé bá gbọ́ ló máa kan àwọn àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn wọn ló máa kan àwa ìyàwó ilé, lẹ́yìn wa ló máa kan àwọn ayálégbé. Ẹlẹ́kọ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ló máa gbọ́ kẹ́yìn, àtòun àtàwọn tó wá ra ẹ̀kọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ sọ́kàn fún mi, torí òun ló da ilé yìí rú.

Àgbà ilé tí mò ń wí yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Lọ́kùnrin lóbìnrin, kò sí ọmọ ilé yìí tó jù ú lọ mọ́. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà ọjọ́ tí mo wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà yẹn, ìdí wà, ìlẹ̀kẹ̀ wà. Ní báyìí, orúkọ nìkan ló kù, àmọ́ ẹ má bá mi sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Èmi náà ni mo sọ Akọ̀wé ní Akọ̀wé, torí ó ti dáyé kí wọ́n tó gbé mi wá, ọmọ kékeré kan tó máa ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri gbogbo ilé. Ọmọ àbúrò Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ tètè kú, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ó wà ní Manchester báyìí, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin làǹtìlanti kan ta wọ́n lọ́rẹ.

Mò ń bọ̀ níbi eyín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ kì í fi í fi ìròyìn ọmọdé ṣeré. Òun alára ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tó mọ̀ ni pé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Ta ló ní ìwé ìbí lọ́wọ́ nígbà yẹn? Ohun tí ọ̀gá ilé ìwé máa ń ṣe ni pé á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó ti tó wọ iléèwé nìyẹn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, orí rẹ̀ tóbi. Mi ò bú u o, ẹ̀yin náà ẹ ti rí orí náà. Ọwọ́ gun orí dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i pé kó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọ̀gá ní kò sóhun tó jọ ọ́, kí ọmọ na ọrùn ṣánṣán. Ọwọ́ ò kàn. Ó sunkún wálé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ wọn kàn wá ń sáré láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń gbé ọwọ́ gba orí, wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ wò ó, ó kàn!" Àwọn ìyá wọn ń jó, àwọn bàbá ń fún wọn ní owó tí wọ́n ń pè ní sísì àti tọ́rọ́ láyé ìgbà yẹn. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fa ọwọ́ ara rẹ̀ kó lè gùn. Nígbà tí ọdún yí po, ó padà lọ, ọwọ́ kàn. Bàbá rẹ̀ gbé e kọ́rùn yí agboolé po. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun táwọn èèyàn ń sọ? "Ṣé èyí ò tíì kàn látèṣí ni?" Ìròyìn ti tutù. Kò sẹ́ni tó jó, kò sẹ́ni tó fún un ní tọ́rọ́. Obìnrin náà ti lé ní 70 ọdún báyìí, ó ṣì lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí kò jó lọ́jọ́ náà fún yín.

Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá jẹ́ kó gbọ́ ti eyín lẹ́nu ẹlẹ́kọ.

Kì í ṣe pé ìròyìn ò jìnnà rí o. Ìgbà kan wà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà ní London. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí i, èyí tí kò mọ̀wé nínú wọn á lọ bá àwọn akọ̀wé tó ń gbé tábìlì kalẹ̀ nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Lẹ́tà náà kì í ṣe é dá mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn: "Mo lérò pé lẹ́tà mi yìí yóò bá ọ ní àlàáfíà gẹ́gẹ́ bó ṣe fi èmi náà sílẹ̀." Èèyàn á wí tẹnu rẹ̀ tán, pé ọmọ ti ń rá, pé ó ti mú abọ́ epo dà sórí ara rẹ̀, akọ̀wé á sọ ọ́ di, "Ọmọ ń ṣe dáadáa." Owó tó gbà, ó gbà á dọ́gba. Kí lẹ fẹ́ kó kọ ti epo sí?

Kásẹ́ẹ̀tì ló dára. Ẹni tó bá ń lọ sí London ni wọ́n máa ń fi rán. Gbogbo ilé á péjọ sínú pálọ̀ kan, wọ́n á ti fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má wọlé, wọ́n á tẹ ẹ̀rọ náà, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń pariwo látàárọ̀ á ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ. Wọ́n á gbé ọmọ wá pé kó kí Bàbá London, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tí ò dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, á yadi. Wọ́n á fún un ní èékánná díẹ̀ nítan, á bú sẹ́kún. "Ẹ gbóhùn rẹ̀ bí?" Wọ́n ní ẹkún yẹn ni Bàbá London máa ń gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, á dá a padà, á tún gbọ́ ọ, pẹ̀lú ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

Fóònù alágbèéká wá dé ní 2001. Ẹ rántí? Káàdì síìmù nìkan lé ní 10,000 náírà, ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, bí ẹ sì lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pere, odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa gé. Ìyẹn làwa fi kọ́ fílàáṣì. A ṣe àdéhùn: bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó sì kú, mo ti délé nìyẹn, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀méjì, ẹ pè mí, ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan tó wà ní Kánò bímọ lọ́dún náà, ó fílàáṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú àdéhùn. Gbogbo ilé wà lójúfò di òwúrọ̀, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń gbààwẹ̀. Ìbejì ló bí. Nígbà tí Glo dé ní 2003 tí wọ́n ń gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ara wá tù wá díẹ̀, a lè sọ pé, "Ó ti dìde dúró," ká sì pa á kíá, kí owó ṣì kù fún ọjọ́ tó bá máa rìn.

Ní báyìí, WhatsApp ni. Àwọn ọmọ wa dá gúrúùpù ẹbí sílẹ̀. Ti Manchester wà níbẹ̀, ti Houston wà níbẹ̀, ti Kútọnu wà níbẹ̀, ti yàrá ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé tí mo bá na ọwọ́ lójú fèrèsé báyìí màá kàn án lórí. Àdúrà òwúrọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á tán kó tó ṣe àmín. Mi ò ní kó má dára o. Àmọ́ ìròyìn tó bá gba ibẹ̀ ò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Ẹni tó bá ní dátà lálẹ́ ọjọ́ náà ni àgbà ilé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó Akọ̀wé ya fọ́tò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sọ ọ́ sínú gúrúùpù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eyín ti dé, ó lọ sùn. Dátà Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ti tán láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan nínú ilé yìí tó wà ní ilé ìwé girama rí i, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ gbé abọ́ lọ ra ẹ̀kọ. Ẹlẹ́kọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ọmọ òyìnbó yín ti yọ eyín."

Abọ́ ló kọ́kọ́ délẹ̀.

Nígbà tí yóò fi di aago méje, gbogbo wa ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ò pariwo, ohun tó sì bà wá lẹ́rù nìyẹn. Ó ní, "Èmi ni mo gbé bàbá ọmọ yìí pọ̀n. Ẹ wá jẹ́ kó jẹ́ ẹlẹ́kọ ló máa tú àṣírí eyín ọmọ mi fún mi. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ti sọ pé mi ò sí lọ́jà." Ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ ọmọ rẹ̀, wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo orúkọ àwọn tó ti fèsì sábẹ́ fọ́tò náà. Ọmọ burúkú. Ó ń kà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́? Tèmi ni. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ mi, ẹ máa bínú o. Mo rí i lóòótọ́. Ta ló rán mi? Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí n yéé jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán mi?" Wọ́n wá èsì títí, wọn ò rí.

Wọ́n ní kí wọ́n gbé fọ́tò wá ká wò ó. Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà. Ẹ tiẹ̀ bá mi wo irú fọ́tò wo nìyẹn. Kò sí ojú níbẹ̀, kò sí imú, kò sí àgbọ̀n. Ẹnu nìkan ni, ó gba gbogbo ojú fóònù. Ìka ìyá rẹ̀ kan fa ètè, erìgì pupa yọ, nǹkan funfun kan tí kò ju ẹ̀là ìrẹsì lọ wá yọ orí nínú erìgì náà. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ mú dígí rẹ̀, ó sún fóònù mọ́ra, ó sún un jìnnà. Ó tún sún un mọ́ra. Ó ní, "Òkè ni."

A ní kí ni?

"Eyín òkè ló kọ́kọ́ yọ."

Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ìyẹn sí. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ yọ eyín òkè, wọn kì í sọ ọ́ sókè. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ní ká ránṣẹ́ sí àfáà, ẹlòmíràn ní wòlíì òun ti rí i lójú ìran láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé òun kàn gbàgbé láti sọ ni. Ẹnì kan ní òun mọ bàbá kan lápá Bẹẹrẹ tó mọ ìdí irú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kẹta ń pariwo pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀: pé eyín ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, pé ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ látòkè, pé kò pa ọmọ lára, pé kí wọ́n ṣáà máa fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́? Ọjọ́ tí ibà bá mú wọn ni wọ́n máa ń mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Tísà gbé àpótí yìí síwájú. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ayálégbé ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ tí kò ní mú ìtàn bọ̀ ọ́. Ó ní ẹkún kí ni Ìyá Àgbà ń sun nítorí òru ọjọ́ kan? Ó ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lẹ́rú, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ọkọ̀ ojú omi fi gbé e, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ bóyá ó yè tàbí ó kú. Ó mọ̀wé, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó di àlùfáà, ìyá ò gbọ́ ọ̀kan. Ọdún 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25! Ọmọ náà ló di Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Bàbá Tísà na ìka sókè, ó ní, "Ẹ̀yin wá ń sunkún nítorí òru kan ṣoṣo."

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Nígbà tí ìyá Àjàyí máa gbọ́, ṣé ẹlẹ́kọ ló sọ fún un?"

Bàbá Tísà wúkọ́. Ó ń wá ibi tó máa gbà jáde, ló bá kó sórí àrokò. Ó ní láyé àtijọ́, bí èèyàn bá fẹ́ sọ fún ìbátan rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń ro òun, owó ẹyọ méjì ni yóò so pọ̀, yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú síra wọn. Ẹni tó gbà á ti mọ̀. Bó bá sì jẹ́ ìjà ló wà láàárín wọn, yóò jẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Owó ẹyọ méjì náà ni, okùn kan náà ni, bí wọ́n ṣe kọjú ló yàtọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ṣe é bó ṣe ń sọ ọ́, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ àpótí bá já. Mo ti ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni, àmọ́ ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.

Ibi tí à ń gbé Bàbá Tísà dìde, àwọn kan ṣì ń yí fóònù kiri pé bóyá wọ́n á rí i dáadáa. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé bí wọ́n bá yí fóònù, fọ́tò náà á yí padà, eyín á tún lọ sókè. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, eyín lọ sókè. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ó rò ó díẹ̀, eyín tún lọ sókè. Ìyàwó kan ní, "Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán." Mo ti rí i pé owó máa tó wọlé fún wòlíì.

Ọmọ burúkú yẹn, èyí tó ka orúkọ mi, ló gba abẹ́ apá àwọn àgbà wọlé, ó wo fóònù. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ahọ́n ọmọ yìí wà lókè."

"Ahọ́n wo?"

"Ahọ́n rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ṣé òkè ni ahọ́n máa ń wà ni?"

Kí ẹ sì wá rí àgbà tí ń la ẹnu. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ti ìka bọ ẹnu, ó fọwọ́ kan ahọ́n tirẹ̀. Èmi náà fọwọ́ kan tèmi. Bàbá Tísà tó ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fọwọ́ kan tirẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́, ìka wà lẹ́nu oníkálukú, à ń wojú ara wa. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa bá ahọ́n. Ọmọ náà gba fóònù, ó tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀, ó wá yí i. Lọ́tẹ̀ yìí fọ́tò ò yí. Ahọ́n sọ̀kalẹ̀, eyín sọ̀kalẹ̀, ó jókòó ní erìgì ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé e sùn sórí itan, láti apá orí ló ti ya fọ́tò. Kò sóhun tó ṣeyín.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ dìde, ó tún ìró ró, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ẹ ò wá rí ohun tí mò ń wí látàárọ̀? Ká ní èèyàn ni wọ́n rán ni, àwa máa bi í pé òkè ni àbí ìsàlẹ̀, á sì dá wa lóhùn. Fọ́tò, kí lẹ fẹ́ bi í? Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n rán ní láti ní làákàyè, kó mọ ibi tó máa gbà wọlé, kó mọ èyí tó máa fi sílẹ̀, kó mọ ìgbà tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa gbẹ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní mò ń wá iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń wá iṣẹ́. Ta ni iṣẹ́ ò wù?

Wọ́n pe Manchester ní fídíò. Ojú oorun ni wọ́n bá ìyàwó Akọ̀wé, aṣọ ìsùn lọ́rùn. Ó rí Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ó rí àwa tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ilé ti dàrú. Ló bá kúnlẹ̀ níwájú fóònù, orí rẹ̀ kúrò nínú àwòrán, a ò rí nǹkan kan mọ́ àfi aṣọ fèrèsé, ohùn rẹ̀ ṣáà ń wá láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ má bínú mà, ẹ má bínú." Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ò bá a wí. Ó ní kó gbé ọmọ wá. Ó ki ọmọ náà ní oríkì láti bàbá ńlá wá, ọmọ ń wò ó, itọ́ ń dà. Ó wá dá a lẹ́jọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí ọmọ bá ṣe tí kò ṣe rí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, ní ohùn, kì í ṣe fọ́tò. Òun á rán ìyàwó, ìyẹn èmi, kí n sọ fún ilé. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó gbé e sínú gúrúùpù.

Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó láìṣubú, èmi ni mo gbé e kiri. Nígbà tó rá, èmi ni. Ọjọ́ tó gbé ẹsẹ̀ méjì kó tó jókòó lulẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé pé ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Mi ò mọ ohun tó ṣe é lọ́nà, nígbà tí yóò fi dé ẹ̀yìnkùlé ó ti ń sáré, ẹni tó lọ sí Ọjà Ọba sì padà wá sọ fún wa pé wọ́n ní ọmọ wa ti ń gba bọ́ọ̀lù fún Manchester United. Wọ́n ní èmi ni mo fi kún un. Iyọ̀ díẹ̀ ni mo fi sí i, àwọn ló dá ata sí i.

Ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ní oṣù tó kọjá, a ń pe wọn ní fídíò. Ọmọ náà ti ń rìn káàkiri yàrá. Ó dé àárín, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ itan ara rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ ohun tí wọ́n ní ó jẹ́. Ọmọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò ló ń pè. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọra gbé ọmọ dìde, ó ní oúnjẹ wà lórí iná. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ dákẹ́, ó wojú fóònù títí ó fi kú. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà ò béèrè. Oyún kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kéde, kó ṣáà jẹ́ pé a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Àná ni àna wa kan tó wá sílé fún ìnáwó ń padà lọ sí Manchester. Kílò 23 ni wọ́n gbà fún un nínú báàgì kan, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ sì ti di báàgì kan odindi fún Akọ̀wé: gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀lùbọ́, ọṣẹ dúdú, òrí, irú tí wọ́n wé ní ọ̀rá mẹ́rin kó má rùn. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí fìlà kékeré kan àti aṣọ òtútù ọmọ tuntun. Mo ní, "Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ mi, fìlà yìí ò lè wọ orí ọmọ Akọ̀wé mọ́ o. Orí ilé yín lorí rẹ̀."

Ó ní, "Ìyàwó, di ẹrù."

Mo di ẹrù. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ó fi kílò márùn-ún lé. Ó yọ gààrí, ó tún lé. Ó yọ ẹ̀lùbọ́ ìdajì. Àna wa na ọwọ́ sí fìlà àti aṣọ òtútù, pé ṣe bí ọmọ náà ti dàgbà ju èyí lọ. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ gbá a lọ́wọ́, ó ní kó yọ ọṣẹ.

Àna wa ní, "Ìyá Àgbà, bí wọ́n bá wá bi mí pé ta ló ni ín ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ní, "Má sọ nǹkan kan. Ṣáà sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀."